Alága Gòkè-Má-Sọ̀ àti Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bá wa lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, tí wọ́n fún ní àga ìjọba, tí kò sì pẹ́ tí a ò mọ̀ mọ́ bóyá òun ló jókòó sórí àga ni, tàbí àga ló jókòó sórí rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ni, ní agbègbè kan tó tutù lójú. Pápá ló pọ̀ níbẹ̀, àti àwọn gegele tó rọra ń gbé orí sókè tí wọ́n tún rọra ń tẹ̀ ẹ́ ba, àti àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ kí wọ́n lè fi ọkọ̀ kó ẹrù láti oko dé ọjà. Ọkọ̀ ṣì ń gba inú odò wọ̀nyí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò yá ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Orí àwọn gegele yìí ni wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè, kẹ̀kẹ́ onítáyà kíki tó ń gba inú ẹrẹ̀ àti orí gbòǹgbò igi, máa ń ti ìlú ńlá wá lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á gun gegele, wọ́n á làágùn díẹ̀, wọ́n á wá já wálẹ̀ ṣòòròṣò títí dé etí odò, wọ́n á máa ké bí ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: torí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń wá. Ta ló máa wọkọ̀ láti ìlú ńlá torí kó lè wá làágùn?

Ohun kan ṣoṣo ni Alága ń fẹ́ láyé, ìyẹn ipò Olùdarí Àgbà ní olú-ìlú. Bó bá ń fọ eyín láàárọ̀, ipò yẹn ló ń rò. Bó bá ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, ipò yẹn ló ń dárúkọ kó tó dárúkọ oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó jẹ alága ṣáájú rẹ̀, ìjọba yọ ọ́ nípò lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà kí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, gbogbo wọn sì gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà bíi pé àjà ló kí wọn. Alága wà níbẹ̀. Òun náà wo àjà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe ọ̀rọ̀ sísọ̀kalẹ̀ létí rẹ̀, á sáré di apá àga rẹ̀ mú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá di ọ̀ràn nìyí. Wọ́n wà ní ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tábìlì ibẹ̀ gùn débi pé ẹni tó bá jókòó sí ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ pariwo kó tó lè yin Alága, wọ́n sì ń pariwo dáadáa. Obìnrin tó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fún ìgbìmọ̀ dìde. Ìyá Ṣọ́bìrì ni wọ́n ń pè é, torí pé ṣọ́bìrì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì mú.

"Alága, ẹ kú ìjókòó," ló wí. "Ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí gegele ńlá ti ń jẹrà. Ẹ fún mi ní òkúta kí n fi tún ìsọ̀kalẹ̀ náà ṣe kí òjò tó dé."

Alága rọra gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Kí lo pè é?"

"Ìsọ̀kalẹ̀, sà."

Alága dìde. Ẹ bá mi wò ó bó ṣe ń tún kọ́là ṣe, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń wo ojú fèrèsé bíi pé ìtàn fúnra rẹ̀ dúró níta tó ń dúró dè é.

"Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó lọ́lá," ló wí, "ẹ̀yin òpó tó gbé òrùlé ìdàgbàsókè dúró. Èmi ni mo bá agbègbè yìí nínú kòtò, tí mo gbé e lé èjìká, tí mo gbé e gòkè. Nínú gbọ̀ngàn yìí, lójú èmi, ẹnìkan wá ń tọrọ òkúta kó lè fi bá wa tún ọ̀nà àtibọ́ sílẹ̀ ṣe. Ṣé torí ká lè padà la ṣe gòkè ni? Láti òní lọ, kò sí ìsọ̀kalẹ̀ mọ́ ní agbègbè yìí. Gbogbo ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wa, òkè ni kí wọ́n máa lọ. Ẹ fi koríko dí èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, n kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Igbákejì rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ti tẹríba títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi nà mọ́. "Sà," ló wí, "orí yín yìí kì í ṣe orí lásán. Bí wọ́n bá là á, ìwé ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

Ìyá Ṣọ́bìrì kò tíì jókòó. "Ẹni tó bá gòkè ńkọ́, sà? Báwo ló ṣe máa dé ilé?"

"Yóò máa gòkè lọ," ni Alága wí.

"Tó bá dé orí òkè tán?"

Alága yíjú sí Igbákejì. Igbákejì ló gbà á sílẹ̀. "Tó bá dé orí òkè tán, yóò dúró níbẹ̀, yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ara Igbákejì wá ń yá gágá, ó fi kún un. "Sà, mo tún ní àbá kan. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ìgbìmọ̀ ló ní bíréèkì. Bí kò bá sí ohun tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ yẹn mọ́, kí ni bíréèkì wá ń ṣe lára kẹ̀kẹ́? Ẹni tó ń gòkè, kí ló fẹ́ fi dá ara rẹ̀ dúró? Àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló fi í síbẹ̀."

Omi lé ròrò sójú Alága. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tóun ti ń fura sí bíréèkì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tú gbogbo rẹ̀, ó dì wọ́n sínú àpò, ó gbé wọn pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní ọmọ nílé ìwé.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bí òmùgọ̀ bá ti wọlé, kì í jókòó sójú kan. Ọ́fíìsì wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ lọ sílé. Igbákejì bá gbé òfin kalẹ̀ pé kí oníkálukú máa fẹ̀yìn rìn lórí àtẹ̀gùn, kó kọjú sókè, kó di irin mú, kí ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ lè rò pé ńṣe ló ń gòkè bọ̀. Báyìí ni àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ nílé ṣe ń fẹ̀yìn rìn bí akàn nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àpò lápá. Akápò ìgbìmọ̀ fi ẹsẹ̀ rọ́. Nígbà tí wọ́n bi í níbi tó ti ṣẹlẹ̀, ó ní níbi ìgòkè ni.

Ilé Alága nìkan ni òfin yìí kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, yàrá ìránṣọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò dúró lórí àtẹ̀gùn, tí yóò pohùn sókè dáadáa: "Mò ń sọ̀ kalẹ̀ o. Ẹni tó bá ń bínú, kó máa bínú."

Alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jọ ń jẹun, Alága ní, "Ìyá Ọmọ, jọ̀ọ́, máa ṣọ́ ẹnu rẹ. Ipò tí mò ń wá yìí, ẹnu lè bà á jẹ́."

"Ẹnu ti ta ni, Bàbá Ọmọ? Nínú gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì yẹn, ta ló ń bá yín sọ òótọ́?"

"Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi."

"Àga ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ dìde kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ rí i bóyá wọn ò ní máa kí àga."

Alága gbé ṣíbí sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ohùn rẹ̀ kò le. "Ṣé o rántí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi? Ó kí wa, a ò dáhùn. Èmi náà ò dáhùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà dọ́kàn. Ó bu omi tútù sí ife rẹ̀. "Òkò tó bá lọ sókè, ilẹ̀ náà ló ń bọ̀," ló wí. "Kò sí ìtìjú níbẹ̀." Ṣùgbọ́n Alága ti dìde, ó ti gòkè lọ sùn, kò tilẹ̀ jẹun tán.

Òjò wá rọ̀. Omi òjò kò ka òfin ìgbìmọ̀, ó já láti orí gegele wálẹ̀, ó sì la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí méjì. Ìyá Ṣọ́bìrì wá sọ fún wọn, Igbákejì sì ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, sà. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí omi náà, ká fún un ní ìkìlọ̀." Wọ́n kọ̀wé náà, wọ́n kàn án mọ́ igi létí odò. Òjò kejì gbé e lọ.

Ní ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ láti ìlú ńlá, wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ọ̀nà àtiwálẹ̀ tì, wọ́n fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wọn gba inú ẹ̀gún padà, wọn kò sì wá mọ́. Ìjábọ̀ tí Igbákejì fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú sọ pé ọ̀nà náà ga débi pé ẹnikẹ́ni kò lè gùn ún mọ́. Ìjábọ̀ yìí ló kó bá wọn. Mínísítà eré ìdárayá kà á, ẹnu yà á, ó ní òun ń bọ̀ wá wo òkè náà fúnra òun. Ó sì fi kún un pé bí òun bá ti padà dé, òun máa fi orúkọ ẹni tó máa jẹ Olùdarí Àgbà sílẹ̀.

Ẹ ò bá rí Alága lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé. Ó jó nínú ọ́fíìsì, ó ti ìlẹ̀kùn, ó tún jó. Ó ní kí wọ́n kun gbogbo ògiri, kí wọ́n to àga sórí gegele ńlá, kí wọ́n sì gbé pátákó kan síbẹ̀ tó máa sọ pé ÒKÈ GÍGA JÙLỌ. Ó ní kí wọ́n ta aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ kan sí agbede-méjì gegele náà, kí wọ́n ya àwòrán òun sí i lára, kí ẹnu àwòrán náà ṣí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gegele tí à ń wí yìí, ìyá arúgbó lè ru igi ìdáná gùn ún kó má mí hẹlẹ. A ò ní purọ́ fún yín.

Ọjọ́ pé. Ìyàwó Alága gbé àga tirẹ̀ sísàlẹ̀, sábẹ́ igi létí odò. Wọ́n ní kó gòkè wá jókòó síbi ọlá. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Èmi kì í lọ síbi tí mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ padà."

Mínísítà dé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó dé akoto, ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá, bíréèkì rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ pé pérépéré. Ó gun gegele náà láìdúró. Alága tẹ̀ lé e lórí kẹ̀kẹ́ ìgbìmọ̀, aṣọ ńlá ló wọ̀, òógùn ti rẹ kọ́là rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí rẹ̀, Alága bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ̀rọ̀ títí tí òjìji igi fi kúrò lórí àwọn àlejò. Ó pe gegele ní àpáta. Ó pe ara rẹ̀ ní àtẹ̀gùn tí àwọn èèyàn ń gùn lọ sí ọ̀la. Igbákejì ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ, àwọn yòókù sì ń bá a pa á kí wọ́n má bàa rí wọn pé wọn kò pa á.

Mínísítà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. "Ẹ ṣé o," ló wí. "Òkè yìí dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń wá a kiri látàárọ̀. Níbo la máa gbà sọ̀ kalẹ̀?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ gbójú sókè, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Igbákejì sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ẹ má bínú, a kì í pe ọ̀rọ̀ yẹn níbí."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ìsọ̀kalẹ̀?"

Akápò di etí.

Mínísítà yíjú sí Alága. "Alága, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni mo wá wò. Tí mo bá délé lónìí ni mo máa kọ orúkọ yẹn sílẹ̀. Ẹ ṣáájú, kí n rí bí ọ̀nà yín ṣe rí."

Ìyá Ṣọ́bìrì sáré wá, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Alága mú. "Sà," ló sọ jẹ́jẹ́, "kò ní bíréèkì o."

"Mo mọ̀," ni Alága wí.

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ó kàn lè sọ pé, "Mà, mo ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn," ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo Mínísítà, ó rí ipò Olùdarí Àgbà lójú rẹ̀, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó rí bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀run, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á.

"Ṣé nǹkan kan ń ṣe kẹ̀kẹ́ yín ni?" Mínísítà bi í.

"Rárá, mà. Ìlọsíwájú ló kù."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kẹ̀kẹ́ sì gbà á lọ. Ó kọ́kọ́ rọra ń lọ, àwọn èèyàn tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ń yára, àtẹ́wọ́ dákẹ́. Aṣọ rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́. Ó ya ọgbà òdòdó kọjá, ó tú àga àwọn akọrin tí wọ́n pè wá ká, ó kọjú sí àwòrán ara rẹ̀ tí wọ́n ta sí agbede-méjì, ó wọ ibi ẹnu rẹ̀, ó sì gba òdì kejì jáde. Kò pariwo. Ẹ jẹ́ ká yìn ín níbẹ̀, kò pariwo rárá. Nígbà tí táyà kọlu òkúta etí odò, kẹ̀kẹ́ dúró níbẹ̀, Alága ń bá tirẹ̀ lọ.

Inú odò kọ́ ló bọ́ sí. Ọkọ̀ kan ń kọjá lákòókò náà, ọkọ̀ tó ń kó ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò lọ síbi tí wọ́n ń dà á sí. Àárín ẹrẹ̀ yẹn ni Alága balẹ̀ sí, ó rì dé ìbàdí, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n gbìn.

"Dá ọkọ̀ yìí dúró," ló sọ fún atukọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni atukọ̀ dáhùn. "Ọkọ̀ ẹrẹ̀ wúwo, kì í dúró báyẹn. Ó di iwájú."

Gbogbo èrò ti tú wálẹ̀, wọ́n ń rìn létí odò, wọ́n ń bá ọkọ̀ lọ, torí pé ọkọ̀ náà kò yá jù wọ́n lọ. Mínísítà ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárín wọn. Alága rí i pé bí òun bá dákẹ́, a jẹ́ pé òun ti ṣubú nìyẹn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí látinú ẹrẹ̀, "gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí, mo ti mú ìrìnàjò ojú omi wọ agbègbè wa." Igbákejì pàtẹ́wọ́, ó wo ojú Mínísítà, ó sì fọwọ́ sápò.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé yàrá omi. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, ẹ gbọ́. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rẹ̀ sílẹ̀, odò àfọwọ́gbẹ́ kò lè fò, nítorí náà wọ́n fi òkúta mọ yàrá gíga kan sójú rẹ̀, ó ní ìlẹ̀kùn níwájú, ó ní lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ẹ̀yìn, wọ́n á rọra tú omi inú rẹ̀ dànù, ọkọ̀ á máa bá omi lọ sísàlẹ̀ títí á fi bá odò ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣí iwájú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jáde wá, ó ń nu ọwọ́.

"Kí lo kó?" ló bi atukọ̀.

"Ẹrẹ̀."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Alága ni."

"Ẹrẹ̀, òkúta àti igi ni wọ́n ní kí n máa jẹ́ kó kọjá. Wọn ò dárúkọ Alága."

"Ó ti pò mọ́ ẹrẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò ṣeé yà mọ́."

Aṣọ́yàrá-omi ronú sí i, ó gbà. Ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó di irin tí wọ́n fi ń tú omi mú. "Ẹ rọra dúró, sà," ló wí. "Ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀."

"Mo pàṣẹ pé kí o dá a dúró."

"Ó ti lọ ná, sà. Omi ni."

Omi ń lọ, Alága ń bá a lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀, ó ti dé ibi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá tiwọn dọ́gba, lẹ́yìn náà ó bá ìbàdí wọn dọ́gba, lẹ́yìn náà bàtà wọn nìkan ló ń rí. Kò pẹ́ kò rí bàtà mọ́. Ògiri olómi yí i ká, ohùn rẹ̀ sì ń padà bá a. Ó dákẹ́.

Ó wá ń gbọ́ tiwọn lókè. "Ta ni igbákejì ọkùnrin yìí?" Mínísítà ló bèèrè.

"Èmi ni, mà." Ohùn Igbákejì dùn bí oyin. "Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé ìsọ̀kalẹ̀ ni ẹ̀mí ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Wọn ò gbọ́."

"Ẹ bójú tó ọ́fíìsì náà títí a ó fi rí ẹlòmíràn. A ti gba àga lọ́wọ́ ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ yìí. Orúkọ tí mo ń wá fún olú-ìlú kò sí níbí rárá. Ẹ dá gbogbo bíréèkì padà, kẹ́ ẹ sì fún obìnrin oníṣọ́bìrì yìí ní òkúta tó bá fẹ́."

Igbákejì wúkọ́. Alága mọ ìwúkọ́ yẹn, ti òun gan-an ni. "Ẹ̀yin òpó ìdàgbàsókè," Igbákejì bẹ̀rẹ̀, "láti òní lọ, ìsọ̀kalẹ̀ ni ìlọsíwájú. N kò fẹ́ gbọ́ ìgòkè mọ́ ní agbègbè yìí." Àtẹ́wọ́ bú jáde lókè. Wọ́n pa á gidigidi, ó ju gbogbo èyí tí wọ́n ti pa fún Alága rí.

Ìlẹ̀kùn iwájú ṣí. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, odò ìsàlẹ̀ sì tẹ́ lọ pẹrẹsẹ. Ìyàwó Alága ti ṣáájú wá dúró síbẹ̀, aṣọ gbígbẹ wà léjìká rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń bá àwọn ará òkè pa á, ẹrẹ̀ ń ta sí i lójú.

"Bàbá Ọmọ," ló wí, "kí lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni í. Ó dá a dúró.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Obìnrin náà na ọwọ́ sí i. Atukọ̀ tì í látẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàtà kò bá a jáde, ó sì ti inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀.